Pulọ́ọ̀tì méjì tí kò pé méjì: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wọn ilẹ̀ kan lẹ́yìn odi Ìbàdàn

Ilẹ̀ náà wà lẹ́bàá odò kékeré kan. Ìdílé tó ni ín fẹ́ tà á, obìnrin oníṣòwò aṣọ kan sì fẹ́ rà á. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni wọ́n jọ fẹnu kò sí fún pulọ́ọ̀tì kan. Ní àdúgbò yẹn, pulọ́ọ̀tì kan túmọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn 464.5 sukúéà mítà. (Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: 60 sí 120 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní odindi pulọ́ọ̀tì níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "pulọ́ọ̀tì" lásán, tí kò béèrè ẹsẹ̀ bàtà mélòó, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.) Aṣojú ìdílé ní pulọ́ọ̀tì méjì ni ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ sì di mílíọ̀nù mẹ́fà.

Wọn kò ya sọ́fè sí ilẹ̀ náà rí. Òpó síméńtì mẹ́rin tí bàbá wọn rì mọ́lẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn òpó náà ní A, B, C àti D. A wà létí ọ̀nà nídìí igi àgbálùmọ̀, B náà wà létí ọ̀nà, C wà lókè lẹ́yìn ilé aládùúgbò, D wà nísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sódò. Kò sí igun kan níbẹ̀ tó gún régé. Láàárín gbùngbùn ni àwókù ilé alámọ̀ kan wà, tí ọparun ti bò mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró sí A kò lè rí C, ẹni tó wà ní B kò sì lè rí D.

Aṣojú ìdílé àti ọ̀dọ́kùnrin kan na tépù yípo. A sí B jẹ́ mítà 34.0, B sí C 27.5, C sí D 41.4, D sí A 22.0. Wọ́n ro ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn pọ̀, wọ́n pín in sí méjì; wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì yòókù; wọ́n wá sọ èsì méjèèjì di púpọ̀:

(34 + 41.4) ÷ 2 = 37.7
(27.5 + 22) ÷ 2 = 24.75
37.7 × 24.75 = 933

Pulọ́ọ̀tì méjì gbáko, pẹ̀lú èènì sukúéà mítà mẹ́rin.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Lára ògiri tẹ́ńpìlì Edfu ní Íjíbítì, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi tọrẹ fún òrìṣà wọn wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní 2000 ọdún, bí wọ́n sì ṣe ṣírò tiwọn náà nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ sí. Àfi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé, iye tó máa gbé jáde yóò ju ilẹ̀ náà lọ. Kì í dín láé. Abájọ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń tà ni ọgbọ́n náà máa ń dùn mọ́ nínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kọ́kọ́ gbé fóònù jáde. Ó ṣí áàpù tó ń wọn ilẹ̀, ó rìn yípo lẹ́ẹ̀kan, ó rí 790. Ó tún rìn yípo, ó rí 885. Ìdílé ní kó gbé fóònù rẹ̀ sápò. Kì í ṣe fóònù ló bàjẹ́ o. GPS inú fóònù lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣìnà níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, lábẹ́ ọparun ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà márùn-ún kò já mọ́ nǹkan kan lórí oko éékà ogójì. Lórí ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 22, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Káfíńtà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó wá wo pákó tó ṣì dára lára òrùlé àwókù náà ni, ó bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Ó ṣa pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ó fi ìṣó kan ṣoṣo so orígun kọ̀ọ̀kan, ó gbé e síwájú bàbá tó jẹ́ olórí ìdílé.

"Bàbá, ẹ fi ọwọ́ tì í."

Bàbá tì í. Ó wó sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ẹ fà á padà."

Ó dìde.

"Ǹjẹ́ mo gé pákó kankan kù níbẹ̀?"

"O ò gé e."

"Ṣé àyè inú rẹ̀ kò wá yí padà?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Káfíńtà mú pákó karùn-ún, ó kàn án ní ìdábùú láti orígun kan sí èkejì. Bàbá tún tì í. Kò mì.

Gbogbo ẹni tó ń kan géètì onípákó ló mọ èyí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kò tó láti sọ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó, nítorí onígunmẹ́ta kì í mì. Tí ìdábùú bá ti wọlé, ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin di onígunmẹ́ta méjì tó fara ti ara wọn, ìṣirò sì parí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé pákó karùn-ún ti ilẹ̀ yìí, ìyẹn ìlà A sí C, gba inú ògiri àti ọparun kọjá. Tépù kò lè gba ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣirò igun ti wúlò. Tí a bá mọ ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàárín wọn, a ó mọ ẹ̀gbẹ́ kẹta láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀:

AC² = AB² + BC² − 2 × AB × BC × cos B

(cos B ni kósáìnì igun B, ìyẹn nọ́ńbà tí kalikulétọ̀ máa ń gbé jáde fún igun náà.) Òfin kósáìnì ni wọ́n ń pè é nílé ìwé ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń fi Faransé kàwé, mọ̀ ọ́n ní òfin Al-Kashi, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Páṣíà tó ṣiṣẹ́ ní Samarkand, tó sì kú ní 1429. Ọ̀kan náà ni.

Ọmọkùnrin náà rántí òfin yìí dáadáa. Ó dúró sí B, ó fi kọ́ńpáàsì fóònù wo A, ó wo C, ó yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó rí dígírì 72. Ó tẹ cos 72 sí kalikulétọ̀ fóònù rẹ̀, ó rí −0.967, kò sì dúró wò ó. Ó ń bá a lọ: AC di mítà 61, ilẹ̀ di nǹkan bíi 368 sukúéà mítà. Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan béèrè bóyá odò ti gbé ìyókù lọ. Láti ìgbà náà, ìdílé kò fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní "ìṣirò ilé ìwé" mọ́, obìnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ san mílíọ̀nù mẹ́fà rẹ̀ kó lè sinmi.

Kalikulétọ̀ náà wà lórí rédíànì (òṣùwọ̀n igun mìíràn), kò sí lórí dígírì, ìyẹn ni gbogbo àṣìṣe ọmọ náà. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan ì bá ti yọ ọ́: ẹ tẹ sin 30. Tó bá mú 0.5 wá, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá mú −0.988 wá, ẹ lọ yí i. Àyẹ̀wò kejì wà nínú èsì fúnra rẹ̀, òun sì ló dára jù, nítorí kò nílò kí ẹ mọ ohun tó ṣe kalikulétọ̀. Igun tó bá kéré sí 90 kì í ní kósáìnì tó wà lábẹ́ òdo. Nítorí náà AC² kò gbọdọ̀ ju 34² + 27.5² lọ, ìyẹn 1912.25, rúùtù rẹ̀ jẹ́ 43.7. Ẹni tó bá ti rí 61 níbi tí 43.7 ti jẹ́ òpin yẹ kó fi bírò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà mú olùkọ́ kan wá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun kò lo kọ́ńpáàsì rárá. Kọ́ńpáàsì fóònù máa ń gbọ̀n tí irin bá wà nítòsí, irin sì wà nínú òpó síméńtì. Tépù àti okùn ló fi wọn igun. Ọ̀nà náà rọrùn: na okùn láti B dé A, na òmíràn láti B dé C. Ka iye mítà kan náà láti B lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kí o fi èèkàn sàmì. Wọn àlàfo láàárín èèkàn méjèèjì. Tí a bá pe apá okùn ní r, tí a sì pe àlàfo ní c:

cos B = 1 − c² ÷ (2 × r²)

Kósáìnì jáde tààrà, a kò tiẹ̀ nílò láti mọ iye dígírì. Ọ̀rọ̀ rédíànì kò sì lè dìde níbẹ̀, torí pé àròpọ̀, ìyọkúrò, ìlọ́po àti pípín nìkan ló wà nínú rẹ̀. Rúùtù nìkan ló kù, gbogbo fóònù ló sì ní in.

Àmọ́ olùkọ́ náà kánjú. Ó lo apá mítà kan. Ní B, àlàfo jẹ́ 1.20, kósáìnì di 0.28, AC sì jáde ní mítà 37.26. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe lẹ́yìn ìyẹn: ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí D, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe níbẹ̀, nítorí ìlà A sí C kan náà ló dojú kọ D. Àlàfo ibẹ̀ jẹ́ 1.03, kósáìnì di 0.46955. Bí ó ti fi 41 (kì í ṣe 41.4; a ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́) àti 22 ṣírò rẹ̀, AC jáde ní 36.30.

Ìlà kan ṣoṣo, gígùn méjì, ìyàtọ̀ mítà kan ó dín díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ro méjèèjì pọ̀ níbí, tí wọn yóò pín in sí méjì, tí wọn yóò sì máa lọ sílé. Olùkọ́ náà jókòó sórí gbòǹgbò àgbálùmọ̀, ó wá ibi tí ìyàtọ̀ ti wọlé.

Ibi méjì ni. Apá mítà kan ti kúrú jù fún ẹ̀gbẹ́ tó ju mítà 27 lọ. Tí ọwọ́ bá fi sẹ̀ntímítà kan péré ṣìnà nínú àlàfo, igun tó jẹ́ dígírì 72 yóò yẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 0.7. Pẹ̀lú apá mítà márùn-ún, sẹ̀ntímítà kan náà kì í mú un yẹ̀ ju dígírì 0.14 lọ. Èkejì: okùn tí wọ́n nà láti B sí C kò dé C. Wọ́n kàn nà án sí ìhà ibẹ̀, ó sì ti fara gbún igi kaṣú kan tó fi tẹ̀ díẹ̀. Apá r gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìlà tó lọ láti òpó dé òpó. Tí igi bá dí i, ẹ sún okùn kúrò, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn òpó B pẹ̀lú ojú kan títí tí èèkàn yóò fi bo òpó C mọ́ ọ lójú.

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ fi orí tépù lé olórí ìdílé lọ́wọ́: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ bá wa dì í mú, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ka nọ́ńbà." Èmi gbà pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ ju kósáìnì lọ. Nọ́ńbà tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ kà ṣòroó já.

Ní B, pẹ̀lú apá mítà márùn-ún, Bàbá ka 5.88 lẹ́ẹ̀mẹta. Kósáìnì: 1 − 34.57 ÷ 50 = 0.3085.

AC² = 1156 + 756.25 − 1870 × 0.3085 = 1335.4, AC = 36.54

Kí wọ́n tó padà sí D, olùkọ́ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé rí ibi tí òun ti mú 41 dípò 41.4 fún ẹ̀gbẹ́ C sí D. Tépù àkọ́kọ́ sùn sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Sọ́fè kì í wọn ara òkè. Bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lójú ẹyẹ ló ń wọ̀n, ibẹ̀ náà ni ìpìlẹ̀ ilé máa jókòó sí. Wọ́n wọ̀n ọ́n bí àtẹ̀gùn: gbé orí tépù tó wà nísàlẹ̀ sókè títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, so òkúta mọ́ okùn kí ó rọ̀ láti orí tépù dé ilẹ̀, fi èèkàn sàmì síbi tí òkúta tọ́ka sí, bẹ̀rẹ̀ ìpele mìíràn láti ibẹ̀. Ìpele kan kò gbọdọ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ, torí tépù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ láàárín. Ìpele márùn-ún parí ní 41.0. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì mẹ́jọ ló jẹ sẹ̀ntímítà 40 yẹn.

Ní D, àlàfo jẹ́ 5.20. Kósáìnì: 1 − 27.04 ÷ 50 = 0.4592.

AC² = 1681 + 484 − 1804 × 0.4592 = 1336.6, AC = 36.56

36.54 láti B, 36.56 láti D. Sẹ̀ntímítà méjì ni ìyàtọ̀ wọn lórí ìlà tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn kú, kí wọ́n tiẹ̀ tó ṣírò bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Èyí tó kù kò le. Ìdajì ẹ̀gbẹ́ méjì tí a sọ di púpọ̀, lọ́nà sáìnì igun àárín wọn, ni àyè inú onígunmẹ́ta. Sáìnì B jẹ́ 0.9512, ti D jẹ́ 0.8883:

½ × 34 × 27.5 × 0.9512 = 444.7
½ × 41 × 22 × 0.8883 = 400.6

Àpapọ̀: 845.3 sukúéà mítà. Pulọ́ọ̀tì kan àti ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlá sukúéà mítà 88 ni tépù yípo ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lá.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìdílé gbèrò ìrẹ́jẹ. Ọgbọ́n tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn ni wọ́n lò. Wọ́n fi pulọ́ọ̀tì sílẹ̀, wọ́n pín mílíọ̀nù mẹ́ta sí 464.5, wọ́n sì fi sukúéà mítà san owó: nǹkan bíi ₦5,459,000 dípò mílíọ̀nù mẹ́fà. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ya pílánù, iye tó gbé jáde kò sì fi sukúéà mítà méjì yàtọ̀ sí tiwọn. Tépù àti okùn kò rọ́pò awọnlẹ̀, torí kò sí ọ́fíìsì ìjọba tó máa gba ìwé tí olùkọ́ kọ nídìí àgbálùmọ̀. Ohun tí wọ́n wà fún ni àkókò tí owó kò tíì kúrò lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí níbòmíràn ní láti fojú sí bí wọ́n ṣe yan igun. B àti D ni wọ́n mú, wọn kò mú A àti C, kì í sì í ṣe èèṣì. Igun B àti D kéré sí 90. Nínú igun tó fẹ̀, tó ń sún mọ́ 180, àlàfo c kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí igun bá yí padà, nítorí náà àṣìṣe ọwọ́ díẹ̀ yóò di àṣìṣe igun ńlá. Tó bá jẹ́ igun tó fẹ̀ nìkan ló ṣeé dé, ẹ na okùn ẹ̀gbẹ́ kan gba ẹ̀yìn òpó kọjá, kí ẹ wọn igun tó wà lóde láàárín ìfàgùn yẹn àti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kósáìnì tó bá jáde, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀, ẹ ti ní ti inú; sáìnì wọn kì í yàtọ̀.

Tí ilẹ̀ bá sì ní igun kan tó wọnú, bí ẹnu ẹja, kí ẹ gba ìdábùú láti ibi igun tó wọnú náà. Tí ẹ bá fà á láàárín igun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà náà yóò gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹ ó sì ní láti yọ onígunmẹ́ta kékeré kúrò nínú ńlá dípò kí ẹ rò wọ́n pọ̀. Àṣìṣe yẹn kì í fara hàn nínú àyẹ̀wò gígùn méjì, nítorí AC yóò bára mu láti ìhà méjèèjì síbẹ̀síbẹ̀. Ojú ni ẹ ó fi rí i: kí ẹnì kan dúró sí òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya àwòrán náà sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀.